Ìpín Mi Di Mẹ́wàá

Ẹ fara balẹ̀ kí n rò fún yín. Oorun ọ̀sán ni mo sùn lónìí tí mo fi lá àlá yìí.

Èmi àti Àǹtí Ládùn, àbúrò ìyá mi, la wà nínú ọ́fíìsì kan tó ń fò lókè Ìbàdàn bí ìwé tí atẹ́gùn gbé. Ìpín ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Mo di ìpín kan ṣoṣo mọ́ àyà, èyí tí bàbá mi àgbà fi sílẹ̀ fún mi. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni. Àǹtí ní kí n tà á, kí n fi ra ìpín tó jẹ́ náírà kan lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kó sínú bàsíà lẹ́nu ọ̀nà.

"Wo bí wọ́n ṣe pọ̀," ó ní. "Èyí tó o dì mọ́ra yẹn ti dàgbà tán. Ta lo rí tó darúgbó tó tún ń ga sí i? Ọmọdé ló ń ga."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ìpín mi fèsì láti àyà mi, "iye tí wọ́n ń tà mí kì í ṣe ọjọ́ orí mi. Ilé-iṣẹ́ tó bí mi ni kẹ́ ẹ béèrè."

Pé ó ń sọ̀rọ̀ kò yà mí lẹ́nu. Mi ò fẹ́ pàdánù ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ojú ń tì mí pé ẹyọ kan péré ni mo ní. Obìnrin kan ru bàsíà tiẹ̀ kọjá, ó wò mí tàánú-tàánú.

Ni ọ̀gá ọ́fíìsì bá mú àlùmọ́gàjí, ó gé ìpín mi sí mẹ́wàá. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ́kọ̀ọ̀kan," ó ní. Àwọn tí kò bojú wò ó tẹ́lẹ̀ bá ya bò wá, wọ́n ní ó ti dínwó. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í jó: "Àṣé olówó lọmọ wa."

Bí mo ṣe ń bá a jó ni ọ̀gá náà di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó na ẹnu sí àwọn ìpín mi.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ wọ́n. Mẹ́wàá ni mo ní báyìí."

"Mẹ́wàá kẹ̀? Lẹ́nu tèmi, òkèlè kan náà ni."

Mo kó wọn mọ́ra, mo fò jáde lójú fèrèsé. Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ń kọrin lọ́wọ́ mi títí mo fi balẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí mo jí, àbúrò mi Ìníolúwa ń sunkún nílé ìdáná pé mọ́ínmọ́ín òun kéré. Ìyá mi ò fi kún un. Ó kàn mú ọ̀bẹ, ó gé e sí mẹ́rin. Ẹkún dá.

"Mẹ́rin ni tèmi," ọmọ náà ní, ó ń jó yí tábìlì po.

Mo rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà, mo gbé àwo tèmi síwájú ìyá mi.

"Màmá, ẹ bá mi gé tèmi náà. Mẹ́fà ni mo fẹ́."