Ta Ló Wà Lábẹ́ Ilé Mùjíbù?

Ẹnu mi ni ìbéèrè yẹn ti jáde, mi ò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo Ìta Fàájì ló mọ̀ pé èmi Jemilat kì í rí ohun tí kò yé mi kí n dákẹ́. Bọ́tìnì àti síìpù ni mò ń tà ní Ìdúmọ̀tà. Tí oníbàárà bá ra bọ́tìnì dúdú lọ́wọ́ mi, màá bi í pé irú aṣọ wo ló fẹ́ rán an mọ́, ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́, kí ló dé tí kò ra funfun. Ẹ̀gbọ́n mi Àlímọ̀t máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí mo bá wọ sàréè, àwọn màláíkà tó bá wá bi mí léèrè máa rí wàhálà, nítorí èmi ni màá máa bi wọ́n.

Ilé bàbá wa ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ń gbé. Ọkọ tiwọn ti kú, tèmi kó lọ bá ìyàwó kékeré ní Lafiaji, ara sì tù mí. Yàrá wa dojú kọ ara wọn; bí wọ́n bá sín, èmi ni mo máa ń ṣe àdúà fún wọn láti yàrá tèmi. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Abdulmujeeb, tí gbogbo wa ń pè ní Mùjíbù. Ó ti pẹ́ tí Mùjíbù ti wà ní Winnipeg, ìlú kan ní Kánádà tí òtútù ti fi ṣe ilé, kò sì tíì wálé láti ìgbà tó ti lọ. Ó gbéyàwó níbẹ̀, ó bí ọmọbìnrin kan, Azeemah. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì rí ọmọ náà rí àfi lójú fóònù.

Wọ́n fọwọ́ ara wọn rán gáùn kan fún un, bọ́tìnì tó dára jù nínú ìsọ̀ mi ni wọ́n sì tò sí i láti ọrùn dé àyà. Kí a tó rí ẹni tó máa bá wa gbé e lọ, Azeemah ti dàgbà ju gáùn náà lọ. Wọ́n tú u, wọ́n fi aṣọ kún un, wọ́n tún un rán. Ọmọ tún dàgbà jù ú lọ. Wọ́n ní àwọn ò fi rán ẹnikẹ́ni mọ́, àwọn fúnra àwọn ni àwọn máa wọ̀ ọ́ sí i lọ́rùn.

Físà wọn sì ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó wà nínú pásípọ́ọ̀tù, pásípọ́ọ̀tù wà nínú àpótí, wọ́n wé e mọ́ ìborùn tí wọ́n fi lọ sí Mẹ́kà. Yàrá ló kù. Mùjíbù ti ra ilé, ṣùgbọ́n yàrá méjì péré ló wà lókè, ọ̀kan fún òun àti ìyàwó, ọ̀kan fún ọmọ. Ó ní abẹ́ ilé náà ṣófo, òun fẹ́ tún un ṣe fún ìyá òun, kí wọ́n ní balùwẹ̀ tiwọn àti ibi ìkírun tiwọn. "Tí bésímẹ́ǹtì yẹn bá ti parí báyìí, Màámi, tíkẹ́ẹ̀tì yín ti jáde nìyẹn." Ó ti sọ ọ́ títí, èmi gan-an ti há a sórí.

Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìrun Alásárì ló máa ń pè wá lórí fídíò. A ó gbé fóònù ti búta àlùwàlá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi á jókòó sórí ẹní, màá sì bẹ̀rẹ̀.

"Mùjíbù, kí ló ń jẹ owó bẹ́ẹ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo?"

"Àǹtí Jẹ́mí, ẹ ò lè mọ̀ ni. Ògiri yẹn, kọnkéré lásán ni. A máa to igi sí i yíká, a máa ki fóòmù sáàárín igi kí òtútù má bàa wọlé, ká tó wá kan pátákó bò ó, ká tó kùn ún."

"Ìyẹn ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì dọ́là?"

"Ẹ ò tíì gbọ́ ti wíńdò ni? Tó bá jẹ́ pé èèyàn máa sùn níbẹ̀, ìjọba ní ká fọ́ ògiri, ká ṣe wíńdò tí èèyàn lè gbà sá jáde tí iná bá ń jó. Ẹ wá fi ti balùwẹ̀ kún un, ká fọ́ ilẹ̀ kí páìpù lè kọjá. Owó ìwé àṣẹ ìjọba. Owó oníná. Àwọn tó wá wò ó lánàá ti ní kì í ṣe ogójì mọ́."

Mo ṣírò rẹ̀ sí náírà lórí fóònù tèmi, mo tún un ṣírò nítorí mo rò pé ọwọ́ mi ṣèèṣì ni. Owó náà á wó ilé wa, á tún un kọ́, á sì ṣẹ́kù fún sàráà. Ẹ̀gbọ́n mi kàn ní kí Ọlọ́run pèsè. Èmi ò ṣe àmín tó dún. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: nígbàkígbà tí owó yàrá yẹn bá lọ sókè, inú mi máa ń dùn. Tí wọ́n bá lọ, ta ni n ó máa bá jẹun? Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀. Wọ́n wò mí báyìí, wọ́n ní, "Jemilat, mo rí ẹ o."

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, Mùjíbù gbé fóònù sọ̀ kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀ kí a lè fojú ara wa rí ibẹ̀. Àtẹ̀gùn onígi kan, gílóòbù kan, ògiri aláwọ̀ eérú. Ní apá kan, igi ti wà ní títò, àwọn igi náà sì ti gbó. Ó ní ẹni tó ta ilé fún òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí kò parí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ńlá tó ń mú ilé gbóná, ilẹ̀kùn kan fara ti ògiri, inú ọ̀rá ló ṣì wà. Mo ń wo ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ yẹn, ohun tí ẹnikẹ́ni nílé wa máa bèèrè ni mo bèèrè.

"Mùjíbù, ta ló sùn síbẹ̀?"

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Nílé wa, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi dígà kan ilẹ̀ láìkọ́kọ́ bi Bọ̀ọ̀dá Mọ̀núrù, tí wọ́n jẹ́ àgbà ilé. Ilé làwọn bàbá wa ń sin òkú sí láyé àtijọ́, wọn ò fi àkọlé kankan síbẹ̀. Orí àgbà ilé ni gbogbo rẹ̀ wà. Bọ̀ọ̀dá Mọ̀núrù á nawọ́ ọ̀pá, wọ́n á ní: Bàbá Àgbà wà lábẹ́ àga yìí, ìyá wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ọmọ tí kò pẹ́ láyé wà níbi kòtò omi. Nígbà tí a fẹ́ gbẹ́ sokawéè, a sún un káàkiri àgbàlá kí a tó rí ibi tí kò sẹ́nì kankan. Láti kékeré ni ìyá wa ti kọ́ wa pé ká máa sálámà sí wọn ká tó gbálẹ̀. A ò bẹ̀rù wọn. Ará ilé ni wọ́n.

Mùjíbù rẹ́rìn-ín títí fóònù fi ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. "Àǹtí Jẹ́mí! Kánádà la wà o. Kò sẹ́ni tó sùn síbẹ̀."

"O bi wọ́n?"

"Kí n bi ta?"

"Ẹni tó ta ilé fún ẹ."

"Haba! Tí mo bá bi èèyàn léèrè irú ẹ̀ níbí, ọlọ́pàá ló máa pè fún mi."

Èmi ì bá ti jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, mo ti ń rẹ́rìn-ín náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n sún mọ́ fóònù.

"Mùjíbù, ilé yẹn ti pẹ́ tó?"

"Á tó àádọ́rin ọdún, Màámi."

"Àwọn tó ti ń gbébẹ̀ ńkọ́, wọn ò kú ni?"

"Sẹ́mẹ́tìrì ni wọ́n ń sin èèyàn sí níbí."

"Àwa náà ní sẹ́mẹ́tìrì," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mi ò lè tẹ́ ẹní sórí ẹni tí mi ò mọ̀, tí mi ò mọ orúkọ tí n ó fi kí i. Lọ bi wọ́n."

Ẹ̀gbọ́n mi ta abọ́ tanganran ní Òkè Àrín fún ìgbà pípẹ́. Mo mọ ohùn tí wọ́n fi ń dá oníbàárà tó nájà yẹ̀yẹ́ dúró, ohùn yẹn ni wọ́n lò. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Láti ọjọ́ náà, tí Mùjíbù bá ti pè, tó bá ti ń sọ pé pátákó tún ti wọ́n sí i, ìyá rẹ̀ á ní, "Ṣé o ti bi wọ́n?" Á yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá di ti gbogbo agboolé. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé wa bi mí bóyá wọ́n ti mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ìyàwó ilé kan ní ó dá òun lójú pé wọ́n pa ẹnì kan ni. Bọ̀ọ̀dá Mọ̀núrù ní àwọn ò gbọ́ rí pé èèyàn ra ilé láìbéèrè, àfi tí olúwarẹ̀ bá ń kánjú. Èmi náà ò lè sùn dáadáa mọ́, mo fẹ́ mọ̀ ṣáá ni.

Ó wá pè lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ Àìkú. Orí àtẹ̀gùn onígi yẹn ló jókòó sí, kò sì kí wa tán kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Mo bi wọ́n, Màámi."

"Ẹn-ẹ́n."

"Bàbá tó ta ilé fún mi ti wà nílé àwọn arúgbó. Gregory lorúkọ wọn."

"Gregory?" ni mo wí. "Ṣé ọmọ Àgùdà Kámpọ́ọ̀sì níbí ni?"

"Jemilat, jẹ́ ó sọ̀rọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ta ló fẹ́ mọ̀, mo ní ìyá mi ni, pé ẹ ò ní í wá àfi tẹ́ ẹ bá mọ̀. Ni wọ́n bá pa tẹlifíṣọ̀n." Mùjíbù yíjú wo ilẹ̀kùn inú ọ̀rá yẹn. "Kò sẹ́ni tó sùn síbẹ̀, Màámi. Ìyá wọn ni wọ́n ń tún un ṣe fún. Ìyá yẹn ń gbé ní erékùṣù kan lọ́nà jíjìn, létí òkun, òun nìkan. Bàbá yẹn to igi, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ìyá àwọn wá bá kọnkéré. Wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ ṣe balùwẹ̀. Wọ́n ní àwọn á dúró kí owó fóòmù wálẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń kọ̀wé sí ìyá wọn pé tí ooru bá ti dé, kó máa bọ̀. Ọdún tí wọ́n ra ilẹ̀kùn yẹn ni ìyá náà kú. Wọ́n gbé e ti ògiri, wọn ò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Wọ́n ní títí dòní, ohun tí àwọn ń rò ni pé ká ní àwọn kàn so ilẹ̀kùn yẹn kọ́ lásán, ìyá àwọn ì bá ti wá."

Ẹkún ti gba ojú Mùjíbù.

"Màámi, ìtìjú ló ń ṣe mí. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ dé, kẹ́ ẹ wá fi kọnkéré han àwọn ará ilé lórí fídíò, kí wọ́n ní ohun tí Mùjíbù lọ ṣe ní Kánádà nìyí."

"Orí kí ni mo bí ẹ sí?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í. "Ṣebí orí kọnkéré ni." Wọ́n nu ojú tiwọn pẹ̀lú etí ìborùn. "Kí lorúkọ ìyá náà?"

"Wọ́n ní Monica."

"Ilẹ̀kùn yẹn, ṣé kò tíì bàjẹ́?"

"Kò ṣe é nǹkan kan. Inú ọ̀rá ló wà."

"So ó kọ́. Ìyẹn nìkan. Kí o fi owó ọwọ́ ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì."

"Wíńdò ńkọ́, Màámi? Òfin ò gbà kẹ́ ẹ sùn níbẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló fẹ́ sùn níbẹ̀? Ọ̀dọ̀ Azeemah lókè ni n ó máa sùn. Tó bá dọ̀sán, n ó lọ máa kírun nísàlẹ̀. Ṣé ibi tí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná wà kọ́ nìyẹn? Òtútù wo ló tún kù?"

Báyìí ni yàrá tó ti ń jẹ ọ̀kẹ́ àìmọye owó ṣe parí pẹ̀lú ìdè ilẹ̀kùn mẹ́ta àti ìṣó díẹ̀. Mo bá wọn di ẹrù. Wọ́n tún fi aṣọ kún gáùn Azeemah, mo sì fún wọn ní bọ́tìnì tí wọ́n máa fi ṣe àrọ́pò tí ọ̀kan bá já. Ní pápákọ̀ òfuurufú, mo bú wọn pé ẹrù wọn ti pọ̀ jù, nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè sọ.

Ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn Alásárì, èmi nìkan ni mo gbé fóònù ti búta. Ẹ̀gbọ́n mi wọ kóòtù Mùjíbù, wọ́n ń gbé fóònù kiri fi gbogbo rẹ̀ hàn mí: ògiri aláwọ̀ eérú, igi tó dúró lásán, ilẹ̀kùn funfun tó wà láàárín igi láìsí ògiri kankan lọ́tùn-ún lósì. Èèyàn lè gba àárín igi kọjá láìṣí i. Azeemah tiẹ̀ gbà á kọjá, ó sáré wọlé. Ìyá bàbá ẹ̀ ní kó padà.

"Gba ẹnu ọ̀nà. Kí o sì sálámà sí Màmá Monica."

Ọmọ náà padà, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ṣe bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá Mùsùlùmí ni Monica, wọ́n ní ìyá ni. Èmi náà sálámà láti Ìta Fàájì.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó sórí ẹní, Azeemah sì jókòó sí wọn lẹ́sẹ̀, nínú gáùn yẹn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí mi ò ṣe rí i kí wọ́n rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú. Yàrá wọn dojú kọ mí, mo ti tì í pa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu mi, ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá. Mi ò bi wọ́n. Mo bi wọ́n bóyá bọ́tìnì ọrùn gáùn yẹn ṣì ń padé.