Gbogbo Ilé Ló Ń Sọ Ẹ Káàbọ̀

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó ní àga kó fà á wá, ẹni tí kò ní kó jókòó lórí ìdí tí Olúwa fún un. Ìtàn dídùn ni mo gbé dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú ló kún inú rẹ̀.

Bàbá bíríkìlà ti bọ́ bàtà, ó ti ṣí fìlà, ó ti nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì kó tó gbọ́ igbe.

"Yéè! Ta ló sùn sórí bẹ́ẹ̀dì mi?"

Ìyàwó awakọ̀ ni, ará ilé tó tẹ̀ lé tirẹ̀. Láti balùwẹ̀ ló ti ń bọ̀, ìnura ló ró mọ́yà. Bàbá dìde fùú. Ó wo fèrèsé, ó wo ògiri. Kì í ṣe ilé rẹ̀!

Ó fipá rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ẹ kú ilé o. Mo ní kí n yà kí yín ni."

"Orí bẹ́ẹ̀dì lẹ ti ń kí mi?"

Ẹ má tíì bú bàbá. Omíyalé ló gbá àdúgbò wọn àtijọ́ lọ. Nígbà tí omi fà, àwọn tó ń ṣètò ìlú gbé okùn ìwọ̀n dé. Wọ́n wó èyí tó ṣẹ́ kù, wọ́n kọ́ ilé tuntun, gbogbo rẹ̀ funfun, gbogbo rẹ̀ tò lọ gbọọrọ bí eyín ọmọge. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kun ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbin igi. Ó mà rẹwà o! Àmọ́ tẹ́lẹ̀, igi máńgòrò tó tẹ̀ sọ́nà ni bàbá fi ń mọ ibi tí yóò ti yà, òórùn pákó ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ló fi ń mọ̀ pé òun ti sún mọ́lé. Ọpọlọ àgbà dà bí ẹni tó ń táràrà lókùnkùn: ògiri ló fi ń mọ̀nà. Ẹ gbé ògiri kúrò, kí lẹ fẹ́ kó dì mú?

Omi dé, omi lọ,
Omi gbé igi ojúde mi lọ;
Ẹsẹ̀ mi ń bèèrè ọ̀nà,
Ilé funfun ò dáhùn.

Bàbá wá dá ọgbọ́n kan. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà, á ké pé, "Ẹ kú ilé o!" kó lè gbọ́ ohùn ẹni tó wà nínú ilé. Àmọ́ "Ẹ káàbọ̀, bàbá" ni gbogbo ilé ń dá a lóhùn. Àlejò, ẹ káàbọ̀. Onílé, ẹ káàbọ̀. Báwo ni yóò ṣe mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀? Bó bá rí ojú tí kò mọ̀, á ní òun yà kí wọn ni. Wọ́n kúkú sọ ọ́ ní Bàbá Ẹ-Kú-Ilé.

Kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti gbọ́ tí ọmọbìnrin rẹ̀, aránṣọ tí wọ́n jọ ń gbé, ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé, "Bí orí bàbá bá ń dàrú, ká mú wọn lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà." Bó ṣe di pé bàbá ń fi ìkíni bo àṣírí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ dé, ó ń fapá jánú. "Bàbá, omíyalé la mọ̀, a ò mọ bàbá-yalé! Ṣé ìyàwó mi lẹ wá wá ni?"

Èrò ti kún ẹnu ọ̀nà. Aránṣọ sáré dé, téèpù ìwọ̀n ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bàbá wo ìtìjú méjì tó dúró níwájú rẹ̀, ó mú ọ̀kan.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ìyàwó rẹ ló wù mí."

"Háà!" Ọmọ rẹ̀ fọwọ́ bojú. "Bàbá, ẹ pa mí! Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo àwọn èèyàn ládùúgbò yìí?"

Ó ń sunkún. Èyí ni bàbá ò lè gbà. Ó ká fìlà rẹ̀ mọ́wọ́, ó wolẹ̀.

"Irọ́ ni mo pa, ọmọ mi. N ò wá obìnrin. Ilé mi ni mò ń wá." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Èmi tí mo mọ ilé fún ìdajì ìlú yìí, n ò mọ ilé ara mi mọ́."

Awakọ̀ yí ojú sí ògiri.

Ìyá awakọ̀ ló sọ̀rọ̀ láti orí àga rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin nìkan kọ́, bàbá. Aránṣọ, ẹ̀wà tó dàwátì nínú ìkòkò rẹ níjọ́sí, èmi ni mo jẹ ẹ́. Mo rò pé ilé ìdáná ìyàwó ọmọ mi ni mo wà ni."

"Ẹ̀yin ni, mà? Mo ti na ológbò nítorí ẹ̀wà yẹn!"

Ẹ̀rín bú jáde, bàbá náà rín, omi ṣì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyàwó awakọ̀ ti wọ aṣọ, ó gbé ìkòkò kalẹ̀, ó ní kí gbogbo ẹni tó wá wòran jókòó kí wọ́n jẹun. Aránṣọ jẹ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbójú sókè. Ọ̀rọ̀ tó sọ lórí fóònù ló ń rò.

Ó ṣáájú bàbá lọ sílé. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ má wá ilé kankan fún bàbá mọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n nílé."

Ló bá gbọ́ ohùn kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà, bí ohùn ẹni tó wá tọrọ nǹkan.

"Ẹ kú ilé o."

"Ẹ káàbọ̀" ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Bàbá," ó ní, "ẹ ti délé."

Bàbá bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọlé. Láti ọjọ́ náà, ilé yòókù ló ń sọ ẹ káàbọ̀. Ilé kan péré ló ń sọ ẹ ti délé.

Àwọn tó jẹun nílé awakọ̀ náà gba ilé wọn lọ, ikùn yó, ọkàn balẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ dìde, ẹ máa lọ jẹun. Kí ẹ délé o.