Ẹni Tó Ń Jẹ́ Sister Miracle

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejì ọdún 1993, ọkùnrin kan wọ àgbàlá ilé tí Jọmílójú gbà sí ní Adéwọlé, ní Ìlọrin. Ó gbé àpò ìrìnàjò dání, ó sì há búrẹ́dì ńlá méjì mọ́ abíyá. Jọmílójú ń sá aṣọ lọ́wọ́. Bí ọkùnrin náà ṣe rí i, inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn.

"Miracle! Ìwọ náà rèé! Mo ti dé o."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Kò sí Miracle níbí. Jọmílójú lorúkọ tèmi, tíṣà ni mí."

Ẹ̀rín kú lójú ọkùnrin náà. Ó kiwọ́ bọ àpò, ó yọ fọ́tò kan. Jọmílójú gbà á, ó wò ó. Òun gan-an ló wà nínú fọ́tò náà, tòun ti gèlè tó wé lọ́jọ́ ìkórè ọdún 1991.

Dúrótìmí lorúkọ ọkùnrin náà, káfíńtà ni ní Ṣakí. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin. Ó rí ìpolówó kan nínú ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní ojú ewé tí àwọn tó ń wá ọkọ tàbí aya ti ń kéde ara wọn: Sister Miracle, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, onígbàgbọ́, ń wá ọkọ oníwà tútù. Kò sí àdírẹ́sì ilé níbẹ̀, àfi nọ́ńbà àpótí lẹ́tà ní pósófíìsì Ìlọrin. Dúrótìmí kọ̀wé, èsì dé, fọ́tò sì wà nínú rẹ̀. Oṣù méje ni wọ́n fi ń kọ̀wé síra wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí Miracle lè wá kí i, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n ní àìsàn ò jẹ́ kó wá. Nígbà tó sú u, òun fúnra rẹ̀ wọkọ̀ wá. Ó ń fi fọ́tò náà han àwọn èèyàn ní garéèjì, títí obìnrin kan fi sọ pé, "Tíṣà tó ń gbé Adéwọlé nìyí."

"Ẹ dákun, ẹ má bínú," ni Dúrótìmí wí, omi sì lé sí i lójú. "Mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé mò ń lọ mú ìyá wọn bọ̀."

Jọmílójú bu omi fún un. "Ẹni tó ṣe yín ló ṣe èmi náà," ó wí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn méjì mìíràn tún dé, ọ̀kan láti Lọ́kọ́jà, èkejì láti Ìwó, fọ́tò kan náà lọ́wọ́ wọn. Ará Ìwó ò ní sùúrù bíi Dúrótìmí. Ẹnu géètì ilé ìwé ló dúró sí tó ń pariwo pé tíṣà jẹ owó òun. Ọ̀rọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Isaiah, akọ̀wé ìjọ, dúró lórí pẹpẹ, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ kà á jáde pé wọ́n ti yọ arábìnrin Jọmílójú kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin nítorí ìròyìn tí kò buyì kún ìjọ. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun. Ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ láti Ọ̀mù-Àrán pé kó máa bọ̀ wálé títí ariwo á fi lọ sílẹ̀.

"Bí mo bá sá, wọ́n á ní èmi ni mo ṣe é," ni Jọmílójú fi dáhùn.

Obìnrin tí yàrá wọn jọ kọjú síra, Asabe, ìyá Lami, ń ṣiṣẹ́ ní kàǹtà pósófíìsì. Jọmílójú lọ bá a.

"Tíṣà, òfin ò gbà mí láyè kí n sọ orúkọ ẹni tó ni àpótí," ni Asabe wí. "Ṣùgbọ́n ẹrù tí ò bá wọ inú àpótí, ọ̀dọ̀ mi ní kàǹtà ni olówó ẹ̀ á ti wá gbà á. Kò sì sófin tó ní kí èèyàn má jókòó sórí bẹ́ńṣì wa. Wàláì, bẹ́ńṣì gbogbo ayé ni."

Jọmílójú kọ̀wé sí Dúrótìmí lọ́jọ́ náà gan-an. Dúrótìmí kan àpótí pákó kan, ó kó lẹ́búlẹ́bú pákó kún inú rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí Sister Miracle. Ó tún kọ lẹ́tà pé, "Olólùfẹ́ mi, aṣọ àti bàtà ìgbéyàwó rẹ ń bọ̀ lọ́nà."

Jọmílójú ránṣẹ́ sí ará Lọ́kọ́jà àti ará Ìwó pé kí wọ́n wá fojú ara wọn rí ẹni tó jẹ owó wọn. Ọjọ́ tí Asabe sọ pé ẹrù ti dé, Jọmílójú àti àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà jókòó sórí bẹ́ńṣì láti àárọ̀. Nígbà tí oòrùn kàtàrí, ọkùnrin kan tó wọ táì wọlé, ó na ìwé tí wọ́n fi ń gba ẹrù sí Asabe. Isaiah ni.

Asabe gbóhùn sókè. "Sister Miracle ni wọ́n kọ sí i. Ṣé ẹ̀yin ni Sister Miracle?"

"Àbúrò mi ni. Èmi ni mo ni àpótí lẹ́tà náà, ẹ wo káàdì mi."

Ó buwọ́ lùwé. Ìgbà náà ni Jọmílójú dìde.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Àbúrò yín ńkọ́?"

Isaiah yíjú padà, bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Jọmílójú, kì í ṣe bó o ṣe rò ó..."

"Fọ́tò tí mo fún yín fún kàlẹ́ńdà ìjọ!" Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e ni. "Ọwọ́ yín ni gbogbo àwa akọrin kó fọ́tò wa sí!"

Ará Ìwó já fáìlì abẹ́ apá rẹ̀ gbà. Fọ́tò ọmọbìnrin akọrin mẹ́fà mìíràn já bọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà àwọn ọkùnrin láti ìlú oríṣiríṣi. Dúrótìmí fi irin já àpótí pákó náà, ó bu lẹ́búlẹ́bú kún ọwọ́. "Aṣọ ìgbéyàwó rẹ rèé, ìyàwó mi!" Gbogbo pósófíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ará Ìwó fẹ́ lù ú, Dúrótìmí dì í mú. "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Àgọ́ ọlọ́pàá là ń lọ." Kí oṣù náà tó parí, àwọn ẹbí Isaiah ti dá owó oníkálukú padà.

Pásítọ̀ ránṣẹ́ pe Jọmílójú. "Ọmọ mi, máa padà sínú ẹgbẹ́ akọrin. Ọ̀rọ̀ ti tán."

"Kò tíì tán, sà. Ojú gbogbo ìjọ ni wọ́n ti bà mí jẹ́. Ojú gbogbo ìjọ náà ni kí wọ́n ti tún un ṣe."

Pásítọ̀ gbà pé òótọ́ ló sọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun fúnra rẹ̀ ló kà á jáde pé àwọn ṣẹ̀ ẹ́, àwọn ò béèrè kí àwọn tó dájọ́. Ó ṣí fìlà, ó tẹríba fún un. Ìjọ dìde dúró. Jọmílójú gba ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀. Ó pe àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà náà síwájú, ó fi fọ́tò oníkálukú lé e lọ́wọ́, ó wá ní, "Ìtìjú yìí kì í ṣe tiwa." Ó sì dá orin tó le débi pé àwọn ọkùnrin inú ìjọ ò lè gbè é dé òkè.

Ìyá rẹ̀ ti wọkọ̀ dé láti Ọ̀mù-Àrán láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n jáde, ọlọ́kadà méjì sáré bá wọn.

"Ẹ máa lọ," ni màmá wí. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó gbá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Ẹsẹ̀ la ó fi rìn dé Adéwọlé. Jẹ́ kí wọ́n rí wa."