Òkúta Tuntun Inú Òkun Gàrúbà

Gàrúbà kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni ní Apòmù. Bó bá kírun tán ní mọ́ṣáláṣí, ó máa ń ka ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó wọ bàtà, bóyá ẹnì kan ti yọ ọ̀kan. Ogún ọdún ló fi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àpótí gíláàsì kan ló gbé bọ̀ wálé, ó gùn tó bẹ́ẹ̀dì òmìrán. Omi òkun ló kún inú rẹ̀, òkúta òkun wà nísàlẹ̀, ẹja wẹ́wẹ́ méjìlá sì ń lúwẹ̀ẹ́ gba inú ihò òkúta náà. Gàrúbà Olókun ni wọ́n ń pè é.

Lọ́dún 1994, òkúta náà gbó. Ewédò bò ó débi pé ẹja ní láti yá àdá lọ́wọ́ àgbẹ̀ kó tó rọ́nà kọjá. Sàídì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣì ń wọkọ̀ ojú omi l'Ékòó, bá a gbé òkúta tuntun mẹ́fà wá nínú dúrọ́ọ̀mù omi òkun.

"Gbọ́ o, Gàrúbà," Sàídì wí. "Òkúta yìí ló ń jẹ ìdọ̀tí inú omi. Bó o bá kó ti àtijọ́ dà nù lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹja ẹ á kú. Mẹ́ta ni kó o kọ́kọ́ pààrọ̀. Mẹ́ta tó kù, ó di lẹ́yìn oṣù méjì. Àmọ́ jẹ́ kí tuntun wà nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìnkùlé fóṣù kan ná."

"Kí ló fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Ihò wà lára ẹ̀. Ohun tó bá sá pamọ́ síbẹ̀, á jáde."

Sàídì padà s'Ékòó. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi òkúta tó ti òkèèrè wá sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé? Gàrúbà rí aládùúgbò kan tó kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ó rọra rìn. Kò pé wákàtí kan, Gàrúbà ti yọ mẹ́ta nínú òkúta àtijọ́, ó ti to tuntun mẹ́ta sípò wọn. Ó ti mẹ́ta yòókù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú ọpọ́n omi òkun.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹja di mọ́kànlá. Nígbà tó máa fi pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó di mẹ́jọ. Kò sí egungun, kò sí ìpẹ́.

Ojú Gàrúbà lọ sídìí agbada. Sàlámọ̀tù ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìkirè, ló ń dín dòdò Ìkirè níwájú ilé: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n àpọ́njù, tó gún pọ̀ mọ́ ata, tó ń fi epo pupa dín títí á fi dúdú. Òun náà ló ń gbá pálọ̀ tí àpótí ẹja wà. Gàrúbà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn epo, ó gbóòórùn síbí, ó gbóòórùn ìborùn. Imú rẹ̀ mú débi pé ó mọ ohun tí wọ́n ń sè ní Wásinmi.

"Bàbá Àmúsà, kí lẹ ń wá nínú epo mi?"

"Mi ò wá nǹkan kan."

"Ẹ ti wá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ yìí."

Gàrúbà wọ́n èlùbọ́ yí àpótí ká kó lè rí ipasẹ̀ olè. Nígbà tó ti ibi ìrun ọ̀sán dé, tirẹ̀ nìkan ló bá níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹja sì ti di méje.

Ọjọ́ ọjà ni ọ̀rọ̀ náà bú jáde. Oníbàárà mẹ́fà ló dúró ti Sàlámọ̀tù.

"Ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́," Gàrúbà sọ fún wọn. "Ẹja mi ló ń fi epo yẹn dín."

Kò sẹ́ni tó ra nǹkan mọ́. Sàlámọ̀tù paná, ó di ẹrù. "Mò ń lọ sílé wa n'Íkirè," ló wí. "Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí olè yín, níwájú àwọn oníbàárà mi ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́. Bẹ́ ẹ ò bá sọ ọ́, mi ò padà wá."

"Tó bá jẹ́ ìwọ ni ńkọ́?"

"Ẹ máa kà wọ́n lọ."

Gàrúbà ń kà wọ́n. Sàlámọ̀tù ti lọ, ẹja di mẹ́fà, ó di márùn-ún. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n mú iná lọ lọ́sàn-án, pálọ̀ ṣú. Gàrúbà jókòó, ó ń ṣọ́ fèrèsé. Nǹkan kan dún: kọ́. Ó wo ilẹ̀kùn. Kọ́. Inú omi ni. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ òkúta tuntun.

Igbe tó ké, àwọn apẹja Aṣéjìrẹ́ ju àwọ̀n sílẹ̀, wọ́n sá. Alákàn kan ló so mọ́ ìka rẹ̀, ó sanra bí ẹni tí wọ́n ń bọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Gàrúbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ká ní òkúta yẹn lo oṣù kan nínú dúrọ́ọ̀mù ni, ibẹ̀ ni alákàn ì bá jáde sí.

Ó gbé e sínú garawa, ó wọkọ̀ lọ sí Ìkirè. Sàlámọ̀tù wo inú garawa.

"Dákun, mo jẹ̀bi," Gàrúbà wí.

"Mo gbọ́. Àwọn oníbàárà mi ò tíì gbọ́."

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Gàrúbà dúró ti agbada Sàlámọ̀tù ní Apòmù, ó na ìka tó fi aṣọ wé sókè, ó ń rojọ́ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, alákàn náà ti tóbi tó ewúrẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń rà. Awakọ̀ kan nìkan ló mú dòdò, tó gbé e sí imú.

"Alákàn ló jẹ ẹja?"

"Alákàn ni."

"Alákàn ọ̀hún dà?"

"Mo ti pa á."

Awakọ̀ náà wo Gàrúbà, ó wo epo, ó wo Sàlámọ̀tù. Gàrúbà ki ọwọ́ bọ inú àtẹ, ó jẹ dòdò méjì, ó tún mú ẹ̀kẹta. Awakọ̀ ń wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ títí ó fi gbé e mì.

"Ẹ fún mi ní ti náírà márùn-ún," awakọ̀ wí níkẹyìn. "Ẹ̀gbẹ́ ibi tí bàbá yìí ti mú tiẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bù ú o."

Sàlámọ̀tù dì í fún un. Ó fẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀.

"Ẹ jókòó," ló wí. "Ọjà ò tíì tú."