Àmì Àtàǹpàkò Lábẹ́ Búrẹ́dì

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bà á jẹ́: ẹ̀gbọ́n mi ló mú apààyàn yẹn. Àwọn ọlọ́pàá kàn fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ ni. Kì í sì í ṣe àkọ́kọ́ ẹ̀. Òun ló tú àṣírí ẹni tó ti alágbàfọ̀ sínú kànga. Òun náà ló kọ́kọ́ sọ pé opó tó ń sunkún kíkankíkan níbi òkú olùkọ́ àgbà ló pa ọkọ ẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó wá bá mi ní káńtà.

Oníbúrẹ́dì ni ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló ń pò ó, òun ló ń yan án, èmi ni mò ń tà á níwájú. Màmá Oníbúrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èmi, Ata Wẹẹrẹ ni wọ́n ń pè mí, torí mi ò gba gbẹ̀rẹ́. Kò sọ́jọ́ tí kì í sọ fún mi pé, "Àbúrò mi, ìbínú ò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà." Èmi náà á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, sùúrù ò ta búrẹ́dì." Yóò rẹ́rìn-ín, yóò padà sídìí ààrò ẹ̀.

Bàbá Aláago ń gbé nínú ilé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa. Aago ló fi gbogbo ayé ẹ̀ tún ṣe, títí ọwọ́ ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọmọ ọmọ ẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ, ló ń tọ́jú ẹ̀. Ìyá ọmọ náà ti kú, kò sì ní ẹlòmíì ju bàbá yẹn lọ. Láràárọ̀ ni Aránṣọ máa ń wá gba búrẹ́dì bàbá ẹ̀, àmọ́ kì í gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra ẹ̀ ló máa ń gbé e fún un láti inú.

Ìdí ni pé búrẹ́dì bàbá ò níyọ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ń da bàbá láàmú, kó jìnnà sí iyọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bá ń po ìyẹ̀fun tiẹ̀ lọ́tọ̀. Tó bá ti yọ búrẹ́dì náà nínú páànù, kó tó tutù, á dà á dé, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ nídìí, kó má baà dàrú mọ́ ti àwọn yòókù. Ìka tó ti ń yan búrẹ́dì látọjọ́ yìí, iná ò tún ń ta á mọ́. Bàbá ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀. Ó ní wọn ò ní sọ òun lórúkọ lójú ogbó. Àwa nínú ṣọ́ọ̀bù la mọ̀, àti Aránṣọ.

Tí bàbá bá ń kọjá, á yọrí wọlé: "Màmá Oníbúrẹ́dì, ẹ ṣàánú mi. Ẹ kàn bá mi wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i, lọ́jọ́ kan péré."

"Bàbá, mo fẹ́ràn yín ju iyọ̀ lọ."

Bàbá á rẹ́rìn-ín, á ní ọkàn ẹ̀gbọ́n mi le ju búrẹ́dì àná lọ, á sì máa lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan la gbọ́ igbe. Aránṣọ gbé búrẹ́dì àti tíì síwájú bàbá, bàbá dìde lọ ṣan ọwọ́, Aránṣọ lọ pọn omi ní ẹ̀rọ tó wà lágbàlá. Ìgbà tó máa padà dé, bàbá ti dorí kodò sórí tábìlì. Àdúgbò ní àgbà ló ti dà, ọjọ́ ẹ̀ ló pé. Dókítà tó wá wò ó ni nǹkan ò bá lára mu. Ó rí ìtọ́ tó ń hó lẹ́nu bàbá, ó bá ní kí wọ́n gbé òkú lọ fún àyẹ̀wò. Ó rọra kó ìyókù búrẹ́dì orí tábìlì sínú ọ̀rá, kò pariwo ẹ̀.

Ọjọ́ kejì, ta ló wọ ṣọ́ọ̀bù wa? Àbúrò bàbá. Má-jẹ́-ó-ṣòfò là ń pè é, ilé bàbá náà ló ń gbé, yàrá wọn kọjú síra. Ahun ni, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Ewé tíì kan ló máa ń rẹ títí omi á fi padà di omi. Ó gbé ààbọ̀ búrẹ́dì kan ka káńtà mi.

"Búrẹ́dì yín yìí dà bí òwú lẹ́nu. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ fún mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú bí mi! "Ẹ̀gbọ́n yín ò tíì wọlẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun lẹ ń rò? Ìgbà wo lẹ tiẹ̀ ra búrẹ́dì yìí? Ìjẹta lẹ ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi kẹ́yìn, èyí ò sì tíì le tó ti ìjẹta!"

Ó ń tẹnu mọ́ ọn pé àná lòun rà á. Ariwo wa ló mú ẹ̀gbọ́n mi jáde. Ó gbé ààbọ̀ búrẹ́dì náà, ó yí ìdí ẹ̀ sókè, ó wò ó, ó sì wo ọkùnrin náà. Ló bá mú odidi búrẹ́dì tuntun, ó gbé e fún un. Ó tún ní kó pẹ̀lẹ́!

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya aṣọ mọ́ ara mi lọ́rùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n sà sí yín ni?"

"Dákẹ́. Wò ó." Ó fi ìdí búrẹ́dì hàn mí. Àmì àtàǹpàkò ẹ̀ ló wà níbẹ̀. "Búrẹ́dì bàbá nìyí. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ Aránṣọ ló fún un."

Mo ní ẹni tí yóò fún ọkùnrin yẹn ní nǹkan ò tíì délé ayé. Ẹ̀gbọ́n mi mú ààbọ̀ búrẹ́dì náà. Ó fi aṣọ funfun wé e, ó tọ́jú ẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni èsì àyẹ̀wò jáde. Májèlé ló wà nínú búrẹ́dì tí bàbá jẹ. Ta ló gbé e fún un? Aránṣọ. Ta ni bàbá ti sọ létí gbogbo wa pé òun fi ilé òun sílẹ̀ fún? Aránṣọ náà ni. Wọ́n mú un lójú gbogbo èèyàn, òwú ìránṣọ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn láṣọ. Bí wọ́n ṣe ń mú un kọjá níwájú wa, ó pariwo: "Màmá, ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin lẹ mọ búrẹ́dì tí mo gbà!"

Orí yéye ní mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Mo fẹ́ sáré bá wọn wọ̀yá ìjà, ẹ̀gbọ́n mi dì mí mú. "Bí a bá bá wọn jà, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n máa gbé ọmọ náà lọ, wọ́n á sì mú ìwọ náà mọ́ ọn. Bọ́ épírọ́ọ̀nù ẹ, ká lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá."

Ọ̀gá ọlọ́pàá kì í ṣe òmùgọ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó gbé àga fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Màmá, inú mi ò dùn sí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí, àmọ́ búrẹ́dì tó gbé fún bàbá ni májèlé wà nínú ẹ̀."

"Ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ bá mi bi àwọn tó ṣàyẹ̀wò: ṣé iyọ̀ wà nínú ẹ̀?"

Ó ní kí wọ́n wá, kí wọ́n mú ìyókù búrẹ́dì náà dání. Iyọ̀ wà níbẹ̀ dáadáa. Wọ́n yí ìyókù náà sókè nínú ọ̀rá, ìdí ẹ̀ ń dán, kò sí àmì kankan.

Ẹ̀gbọ́n mi wá ṣàlàyé. Ẹnì kan ra búrẹ́dì tiẹ̀ ṣáájú, ó fi májèlé sí i. Nígbà tí Aránṣọ wà nídìí ẹ̀rọ omi, tí bàbá sì lọ ṣan ọwọ́, ó wọlé, ó gbé búrẹ́dì olóró kalẹ̀, ó gbé ti bàbá lọ. Ó rò pé búrẹ́dì kan ò yàtọ̀ sí ìkejì. Ẹlòmíì ì bá jù ú nù. Òun, kò lè jẹ́ kó ṣòfò: ó jẹ ẹ́, ó ní kò dùn, ó gbé ààbọ̀ ẹ̀ wá pààrọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ọ̀gá ọlọ́pàá ní, "Tó bá wá ní ọmọ náà ló fún òun ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí n bi í. Ẹ sì wà níbẹ̀."

A ránṣẹ́ sí Má-jẹ́-ó-ṣòfò pé kó wá gba búrẹ́dì ọ̀fẹ́. Ẹ ò rí bó ṣe sáré! Ọ̀gá ọlọ́pàá wà lẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun, ó wọ épírọ́ọ̀nù mi, ó rí wúruwùru.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í: "Àbúrò Bàbá, búrẹ́dì ọjọ́sí tí ò dùn yẹn, àbí Aránṣọ ló fún yín jẹ?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Èmi? Kí n gba oúnjẹ lọ́wọ́ apààyàn? Kò fún mi ní ẹ̀rún rí! Mo fi ọwọ́ ara mi rà á níbí ni."

"Lọ́wọ́ ta ni?" Èmi ni mo bi í. "Èmi nìkan ni mò ń tà."

"Lọ́wọ́... lọ́wọ́ Màmá."

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó tú aṣọ funfun, ó gbé àtàǹpàkò ẹ̀ lé ojú àmì náà. Ó bá a mu gẹ́lẹ́. "Búrẹ́dì kan ṣoṣo ni mò ń yan láìfi iyọ̀ sí. Bàbá nìkan ni mò ń yan án fún, ọmọ ẹ̀ nìkan ni mò ń gbé e fún. Ẹ ti ní kò fún yín. Orí tábìlì ẹ̀gbọ́n yín lẹ ti gbé e."

Ọkùnrin náà ń wo ẹnu ọ̀nà, ọ̀gá ọlọ́pàá ti dúró síbẹ̀ tòun ti épírọ́ọ̀nù mi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti jẹ́wọ́. Ilé yẹn ló ń wò. Bí bàbá bá kú wọ́ọ́rọ́wọ́, yóò lé ọmọ náà jáde. Bí àṣírí bá tú, ọmọ náà ni wọ́n máa mú. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Mo jó níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo ń pariwo pé ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, ọmọ ìyá mi nìyẹn!

Nígbà tí wọ́n tú Aránṣọ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló gbà wá tààrà. Ó kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi gbé e dìde, ó gbá a mọ́ra, ìyẹ̀fun kún aṣọ wọn. Ọmọ náà bá ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ kan wà tí ò yé mi. Nígbà tí mo wà nídìí ẹ̀rọ omi, bàbá pè mí látojú fèrèsé. Wọ́n ní, 'Tó o bá rí Màmá Oníbúrẹ́dì, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Sọ fún un pé ó dùn gan-an.' Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ fún."

Ẹ̀gbọ́n mi fi í sílẹ̀. Ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun.

"Ó rò pé èmi ni," ó ní. "Ó rò pé mo gbà, mo bá òun wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i."

Ó bú sẹ́kún. Ẹni tí mi ò rí kó sunkún rí, láti kékeré wa. Búrẹ́dì sì ti ń rùn nínú ààrò, ó fẹ́ máa jóná. Mo mú pátákó ọlọ́wọ́ gígùn ẹ̀, tí kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jáde. Kò ní kí n fi í sílẹ̀.