Ọ̀wọ̀ Tó Ń Lé Ìyá Jáde Nílé

Ìyá ọkọ aránṣọ ń di ẹrù wọn. Wọ́n ní àwọn ń padà sí ilé àwọn tó ti ṣófo látìgbà tí bàbá ti kú, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ tí wọ́n fi ń ká aṣọ ń gbọ̀n bí ewé. Bí wọ́n bá ṣubú níbẹ̀, ta ni yóò gbé wọn dìde?

Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀? Ó ń tọ́jú ìyá yìí bí ẹyin. Nítorí wọn ló ṣe fi agídí kọ́ èdè Potogí, èdè abínibí wọn. Nínú èdè náà, "lhe" ni wọ́n ń sọ fún àgbà àti àlejò. "Te" ni ti ẹni inú ilé. Aránṣọ kò sọ "te" sí ìyá rí. Ọmọ tí wọ́n bí ire, tí wọ́n kọ́ ire, ni yóò wá wo ojú ìyá ọkọ rẹ̀, tí yóò ní "mo kí ọ"? Ká má rí i.

Ọkọ rẹ̀, tó ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ yó, fà á sí ilé ìdáná. Ó ní ohun tó ń dun màmá òun gan-an nìyẹn. Gbogbo ọmọ, títí kan ọmọ-ọmọ, ló ń sọ "te" fún wọn. Ìyàwó nìkan ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí akọ̀wé báńkì. Màmá ní ẹni tó ń fẹ́ni nílé kì í kíni bí àlejò.

"Mo ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni."

"Èmi mọ̀. Àwọn ò mọ̀."

"Àfi kí n rí ìyá rẹ fín kí wọ́n tó mọ̀ pé mo fẹ́ràn wọn? Irú ilé wo ni wọ́n ti tọ́ ẹ̀yin yìí gan-an?"

Síìpù àpò dún nínú yàrá.

Nígbà tí aránṣọ wọlé, ìyá ti wọ bàtà, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń retí mọ́tò. Ó kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó di okùn bàtà náà mú. Ahọ́n rẹ̀ wúwo bí irin ìlọṣọ.

"Não te deixo ir," ó ní. N kò ní jẹ́ kí o lọ.

Ìtìjú bò ó. Kò lè gbójú sókè.

Ìyá na ẹsẹ̀ wọn síwájú kí ó lè tú okùn náà.