Apá Tó Ń Kú Lókè

Ìgbà kẹta tí Marcelline ju ọmọ náà sókè lẹ́yìn ìwẹ̀ ni apá òsì rẹ̀ kú mọ́ ọn lára. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi rá a mú, orí ọmọ sì ku díẹ̀ kó sọ lu etí ọpọ́n.

Chancelle, ọmọ rẹ̀ tó bímọ náà lọ́jọ́ mẹ́fà sẹ́yìn, rí i láti ẹnu ọ̀nà. Kò pariwo. Ó gba ọmọ, ó fi aṣọ wé e, ó sì béèrè ohun tó ṣe apá ìyá òun.

Marcelline fẹ́ purọ́ pé ọṣẹ ló yọ̀, ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Ogójì ọdún ló fi ru epo láti Issaba lọ sí ọjà Pobè, ọwọ́ kan lókè tó ń di ẹrù mú. Dókítà ti sọ fún un pé ibi tóóró láàárín ọrùn àti èjìká, níbi tí iṣan àti ẹ̀jẹ̀ apá ń gbà, ti há. Bó bá gbé apá sókè, apá náà á kú. Ó ní obìnrin ló ń ṣe jù. Marcelline kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí oyún Chancelle ti wọ oṣù keje nígbà náà, ọdún mẹ́sàn-án ló sì ti ń retí àtiwẹ ọmọ yìí.

"Ẹ má jù ú sókè mọ́, Màmá. Ẹ kàn máa wẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́."

"Ọ̀tún ló ń gbé ọmọ, òsì ni mo fi ń dán omi wò. Kò mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù mọ́, Chancelle. Màá bó ọmọ rẹ lára."

Chancelle sunkún. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀ kò tíì jinná, kò lè bẹ̀rẹ̀. Ó ku Elvire, ìyá Léonce ọkọ rẹ̀, ní Yoko. Elvire yìí ló pe Chancelle ní igi gbígbẹ níwájú ẹbí, Marcelline sì ti búra pé ọwọ́ Elvire kò ní kan omi ìwẹ̀ ọmọ náà láé. Ìbúra náà dùn ún nínú bí egbò. Ṣùgbọ́n bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Ó ní kí Chancelle bá òun pè é lórí fóònù.

"Ìyá Léonce, èmi Marcelline ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá máa wẹ ọmọ fún wa."

Elvire kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun á dé láàárọ̀ ọ̀la.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?" ló béèrè.

"Màá jókòó tì yín," ni Marcelline dáhùn. "Màá máa wò yín."